Èsì ìdánwò kan náà, ọkàn méjì: ṣé ìwà ni àbí ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń mú kí fífi ara wéra ba èèyàn jẹ́?

Agbanimọ̀ràn_Fásitì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ọmọ èèyàn ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá fún.

Tí wọ́n bá lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ní 3.20 nínú 5.00 lè jọ rí i pé ojúgbà wọn kan ní 4.60. Ọ̀kan á lọ bá onítọ̀hún, á béèrè bó ṣe ń kàwé. Èkejì á lọ dùbúlẹ̀, kò ní jẹun, á máa wí pé òun ò lè da nǹkan kan láyé. Àwọn òbí á ní ìlara ni. Àwọn olùkọ́ kan á ní ọ̀lẹ ni. Èmi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ṣé ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn ni, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì tó wà lára rẹ̀ lásìkò yẹn? Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kí la sì lè ṣe?

Onímọ̀_Ìṣesí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ò gba "ìlara" yẹn wọlé, torí tá a bá ti kọ́kọ́ sọ nǹkan lórúkọ burúkú, a kì í rí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́.

Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìwà ló ń pinnu bí ojú èèyàn ṣe ń lọ sára ẹlòmíràn lemọ́lemọ́ tó. Ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń pinnu ìtumọ̀ tí ọkàn máa fún ohun tí ojú bá rí.

Ní 1954, Leon Festinger, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n tó ṣeé fọwọ́ kàn, èèyàn ni èèyàn ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó fẹ́ mọ bí àpò gàrí ṣe wúwo tó á gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbọ́n ò rí ìwọ̀n kankan gùn, ló bá wo ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó sún mọ́ ọn ló sì ń wò. Ilé ìránṣọ ńlá ní Paris kì í ba télọ̀ nínú jẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ṣe fíríìdọ̀mù lọ́jọ́ kan náà ló ń ká a lára.

Torí náà, fífi ara wéra kì í ṣe àrùn. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ìyàtọ̀ wà nínú ipò tí ọkàn wà nígbà tá à ń ṣe é. Sonja Lyubomirsky àti Lee Ross dán èyí wò ní 1997. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to lẹ́tà tó dàrú di ọ̀rọ̀, wọ́n sì mú ẹnì kan tó ti mọ ìdí ìdánwò náà jókòó tì wọ́n. Nígbà míì á yára jù wọ́n lọ, nígbà míì á lọ́ra. Àwọn tí inú wọn máa ń dùn tẹ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mi nígbà tí ẹnì kejì yára jù wọ́n lọ. Àwọn tí inú wọn kì í sábà dùn ni ẹnì kejì ń gbé sókè sódò: tó bá lọ́ra, ara wọn á yá, tó bá yára, ọkàn wọn á wálẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ṣe o.

Ní ti ìwà, ọ̀kan wà nínú ìwà márùn-ún táwọn onímọ̀ fi ń wọn èèyàn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá pọ̀ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń yára dàrú. Ó ń tètè bẹ̀rù, ó ń tètè dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ọ̀rọ̀ kékeré sì ń pẹ́ lára rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fi ara wéra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ibi tó dúró sí ò dá a lójú. Bram Buunk àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo ọ̀rọ̀ yìí lára àwọn alárùn jẹjẹrẹ àti lára àwọn tó wà nílé ọkọ àti aya, wọ́n sì gbé e jáde ní 1990. Ohun tí wọ́n rí ni pé àtiwo ẹni tó sàn ju ni, àtiwo ẹni tí tirẹ̀ burú ju tẹni lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní adùn àti ìkorò tirẹ̀. Alárùn kan á rí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá, á ní "èmi náà á dìde." Ẹlòmíràn á rí ẹni kan náà, á ní "ó ku èmi nìkan nílẹ̀." Àwọn tí kò ka ara wọn sí ló sábà ń mú ìkorò, ibi yòówù kí wọ́n kọjú sí.

Ìwọ̀n_Tòótọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òṣùwọ̀n kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ. Ìwé ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ra wọn, torí ìbéèrè 11 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ti Gibbons àti Buunk, 1999, tí wọ́n ń pè ní INCOM. Bí èèyàn ṣe ń fi ara wéra *tó* ló ń wọ̀n. Ìbéèrè 6 dá lórí ohun tí èèyàn lè ṣe, 5 dá lórí èrò rẹ̀. Ìdáhùn ń lọ láti 1 dé 5, àpapọ̀ sì wà láàárín 11 àti 55. Èkejì ni ti Allan àti Gilbert, 1995. *Ipò* tí èèyàn fi ara rẹ̀ sí ló ń wọ̀n: ṣé mo rẹlẹ̀ àbí mo ga, ṣé wọ́n gbà mí mọ́ra àbí wọ́n yà mí sọ́tọ̀. Ìdáhùn ibẹ̀ jẹ́ 1 dé 10, àpapọ̀ jẹ́ 11 dé 110, máàkì tó kéré ló sì fi hàn pé èèyàn ń wo ara rẹ̀ bí ẹni ẹ̀yìn. Ẹni kan lè ga nínú ti àkọ́kọ́ kí ó má rẹlẹ̀ nínú ti kejì. Irú wọn ni eléré ìdárayá tó ń ṣọ́ aago gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń sùn dáadáa lálẹ́. Ẹni tó ga nínú ti àkọ́kọ́, tó tún rẹlẹ̀ nínú ti kejì, ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí pẹ̀lú: nínú INCOM, ìbéèrè méjì ni wọ́n kọ lódì, irú bíi "Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn." Ẹ gbọ́dọ̀ yí méjèèjì padà kí ẹ tó ṣe àpapọ̀: ẹ yọ ìdáhùn kúrò nínú 6. Ẹni tó mú 5 nínú mẹ́sàn-án tó kù tó sì mú 1 nínú méjì yẹn, 55 ni tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti yí i, ẹ máa kọ 47. Ẹni tó sì mú 5 láti òkè délẹ̀ láìkàwé, 47 ni tiẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i tán. Ẹ wá rí i pé tẹ́ ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yẹn, ẹni tó kàn ń fàlà sí ojú ìwé ló máa gba 55, ẹni tó fọkàn sí i á sì gba 47: ọ̀rọ̀ á dorí kodò. Kò sí ààlà kankan tó ń sọ pé "láti ibí lọ, àìsàn ni." Ẹ má ṣe fi INCOM sọ ẹnikẹ́ni di aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera_Ọkàn

Ẹ ṣé gan-an, Ìwọ̀n. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èyí táwa ń lò jù ni PHQ-9: ìbéèrè 9, láti 0 dé 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 27, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan ló sì ń béèrè. Láti 5, ìrẹ̀wẹ̀sì díẹ̀; 10, ó ti tó ohun tá a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò dáadáa; 15, ó wúwo; 20, ó le gan-an. Abiodun Adewuya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006 pé ó ṣeé lò, nítorí náà kì í ṣe aṣọ àyálò fún yín.

Àmọ́ ẹ má wo àpapọ̀ nìkan. Lásìkò ìdánwò, oorun (ìbéèrè 3), àárẹ̀ (4) àti àìlèfọkànsí-nǹkan (7) á ga lára gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ibà náà lè gbé 3, 4 àti 5 sókè. Ẹ wo ìbéèrè 1 àti 2, ìyẹn àìgbádùn ohun téèyàn ń gbádùn tẹ́lẹ̀ àti ọkàn tó wúwo. Lẹ́yìn náà ẹ wo 6, tó ń béèrè bóyá èèyàn ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ti kùnà. Ìbéèrè 6 yẹn gan-an ni ojúlé tí fífi ara wéra ń gbà wọlé. Tí 1 àti 2 bá wà ní 0 tí 6 sì jẹ́ 3, ọ̀rọ̀ nípa ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ ni ẹ máa bá a sọ. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ga pọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Àwọn èèyàn wa kì í sábà sọ pé "inú mi bàjẹ́." Wọ́n á ní orí ń gbóná, ara ń rìn wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn lára wọn, àyà ń já. Ẹ bi wọ́n léèrè lédè yẹn.

Ọmọ_Ọdún_Kẹrin

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà ṣáà ń sọ fún wa pé ká wo àwọn tó wà lẹ́yìn wa ká dúpẹ́. Ṣé ìmọ̀ràn yẹn ò tó ni? Ẹni tó ní 3.20, ẹ jẹ́ kó wo ẹni tó ní 1.80.

Onímọ̀_Ìṣesí

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Ní 1981, Thomas Wills kọ ọ́ pé ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún lè wo ẹni tí tirẹ̀ burú jù kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ìdí tó fi ń kùnà fún ẹni tó ti rẹ̀wẹ̀sì nìyí: kì í rí ẹni ẹ̀yìn bí ẹni tó yàtọ̀ sí òun, ó ń rí i bí ibi tí òun ń lọ. Á wo ẹni 1.80, á ní "ibẹ̀ ló kù tí mo máa já sí." Thomas Mussweiler ṣàlàyé rẹ̀ ní 2003: tí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àwa méjèèjì ti jọra, á fà wá mọ́ ẹni tá à ń wò, tó bá ń wá ibi tá a ti yàtọ̀, á tì wá kúrò lára rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń yí méjèèjì sódì. Ó ń bá ẹni ìsàlẹ̀ wá ìjọra, ó sì ń bá ẹni òkè wá ìyàtọ̀. Ilẹ̀kùn méjèèjì ló ń ṣí sí kòtò.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé ìmọ̀ràn yẹn ń fi ẹ̀bi kún ẹrù. Ẹni tí kò lè dúpẹ́ á tún máa bú ara rẹ̀ pé òun jẹ́ aláìmoore.

Ohun tó sún mọ́ ọn ni ti àwọn gbólóhùn ìwúrí tí wọ́n ní kéèyàn máa sọ fún ara rẹ̀ nínú dígí. Joanne Wood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dán an wò ní 2009: àwọn tó ka ara wọn sí rí ìwọ̀nba àǹfààní níbẹ̀, àmọ́ inú àwọn tí kò ka ara wọn sí tún bàjẹ́ sí i ni. Ọkàn wọn ń bá gbólóhùn náà jiyàn.

Olùkọ́_Kẹ́míkà

Àwòkọ́ṣe ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ tó mókè jù wá síwájú gbogbo ọmọ kó wá sọ̀rọ̀. Ṣé ká dẹ́kun rẹ̀ ni?

Onímọ̀_Ìṣesí

Ẹ má dẹ́kun rẹ̀, ẹ yan ìgbà àti ẹni tẹ́ ẹ máa mú wá. Penelope Lockwood àti Ziva Kunda, 1997: wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kan tó tayọ. Àwọn ọdún kìíní gbé orí sókè, torí wọ́n ṣì ní àkókò láti dà bíi rẹ̀. Kò gbé àwọn ọdún kẹrin sókè bẹ́ẹ̀, torí ọkọ̀ ti ń lọ ná. Ohun tó ń pinnu ni bóyá ọwọ́ ẹni lè tó o.

Nítorí náà, fún ẹni 3.20, ẹ má mú ẹni 4.90 wá. Ẹ mú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.10 tó wá dé 3.70, kó sì sọ ohun tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, títí kan èyí tí kò ṣiṣẹ́. Àwòkọ́ṣe tó kàn ń fi àmì ẹ̀yẹ han àwọn ọmọ kò kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ìtòsí náà lè gún èèyàn lára o. Lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì Barcelona ní 1992, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Medvec, Madey àti Gilovich, wo ojú àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú àwòrán tẹlifíṣàn. Inú àwọn tó gba idẹ dùn ju ti àwọn tó gba fàdákà lọ. Wúrà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni onífàdákà ń wò. Onídẹ ń wo bí òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn obìnrin wa gba idẹ nínú eré ìje 4×100, tí gbogbo Nàìjíríà sì yọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní 4.48, tí 4.50 sì jẹ́ ààlà fún first class, lè nílò yín ju ẹni 3.20 lọ.

Ará_London

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ ò tíì mẹ́nu ba fóònù. Ògiri ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni; sítátọ́ọ̀sì àti Instagram, wákàtí wákàtí ni.

Ní Yunifásítì Pennsylvania, Melissa Hunt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí jáde ní 2018: akẹ́kọ̀ọ́ 143, wọ́n ní kí apá kan wọn dín Facebook, Instagram àti Snapchat kù sí ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù ju ti àwọn tó ń lò ó bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló bá èyí mu o, torí náà mi ò ní pe fóònù ní májèlé. Àmọ́ lójú tèmi, dídín in kù sàn ju pípa á rẹ́ pátápátá lọ, torí ẹni tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lè pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ojú sí wíwò láìdá sí i: èèyàn ń fà á lọ sókè, kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò kí i.

Ohun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ni pé ibi tí nǹkan ti dára nìkan là ń rí. Alexander Jordan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2011 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú kéré bí inú àwọn ojúgbà wọn ṣe ń bàjẹ́ tó, torí ìkọ̀kọ̀ lonílé ti ń sunkún.

Agbanimọ̀ràn_Fásitì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi. Ẹ bá mi to ohun tí mo máa ṣe pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ọjọ́ kìíní. Mo ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 fún ẹnì kan lọ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera_Ọkàn

Ìṣẹ́jú 40 tó. Ọjọ́ kìíní, PHQ-9 àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jọ ka ìbéèrè náà pọ̀, ẹ má kàn nà án sí i. Tí ìdáhùn ìbéèrè 9, ti ìrònú ikú tàbí ṣíṣe ara ẹni léṣe, bá ju 0 lọ, ẹ pa gbogbo ètò yòókù tì lọ́jọ́ náà. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ti ronú bó ṣe máa ṣe é àti bóyá ohun tó máa lò wà nítòsí. Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn sí èèyàn lórí. Tó bá ní ètò lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kó dá wà, kí ẹ sì mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ fún un ní ìwé pélébé fún ọjọ́ 7. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣàkíyèsí pé òun ń fi ara wéra, kó kọ:

bí ọkàn òun ṣe rí *kí ó tó* wo ẹni náà, láti 0 dé 10;
ta ni, lórí kí ni;
bí ọkàn ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀;
ohun tó ṣe ní wákàtí tó tẹ̀ lé e.

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 4 sísàlẹ̀ àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 5 sókè. Tí ọkàn bá ń wálẹ̀ nínú méjèèjì, àṣà àti ìwà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń wálẹ̀ sí i, ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń darí ojú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ orúkọ àìsàn o, ó kàn ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbá mú ni.

Onímọ̀_Ìṣesí

Mo gbè é. Mo fi ìgbésẹ̀ kejì kún un.

Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ń darí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣe. Ohun kékeré méjì lójúmọ́, tí wọ́n ti kọ aago rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan tó wúlò (ìṣẹ́jú 25 lórí ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kan), ọ̀kan tó ń dùn mọ́ ọn nígbà kan rí. Kó ṣe é bí aago ṣe lù, kó má dúró de kí ara yá. Neil Jacobson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1996 pé ìṣe nìkan ṣiṣẹ́ tó ìtọ́jú tó fi ìyípadà èrò kún un.

Tó bá jẹ́ ìwà, ẹ kọ́ ọ láti yí ìbéèrè padà. "Kí ló dé tí mi ò fi dà bíi rẹ̀?" kò ní ìdáhùn tó ṣeé ṣe. "Kí ló ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí èmi náà lè ṣe lọ́la?" ní ìdáhùn. Kó tún kọ ohun mẹ́ta tí òun ò rí nínú ìgbésí ayé ẹni náà: owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò já lé e léjìká, ilé ẹ̀kọ́ tó ti wá, wákàtí tó ń lò. Ẹ má gbìyànjú láti sọ ọ́ di ẹni tí kì í fi ara wéra mọ́. Ìwà kì í kúrò bẹ́ẹ̀, á sì fi ìkùnà míì kún ti tẹ́lẹ̀.

Ìwọ̀n_Tòótọ́

Ibi tí ìwé ọjọ́ 7 ti ń bàjẹ́: ẹni tó bá kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lálẹ́. Ọkàn tó rẹ̀ ń rántí ohun tó korò ju èyí tó dùn lọ, torí náà "ọkàn kí n tó wò ó" á wálẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìpín ọ̀nà méjì yẹn ò sì ní wúlò mọ́. Kó kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10.

Èkejì, ìwé náà lè di àròkàn. Susan Nolen-Hoeksema ti fi hàn láti 1991 pé ẹni tó ń tú ìbànújẹ́ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, ìbànújẹ́ náà ń pẹ́ lára rẹ̀. Torí náà, kó má ju 5 lọ lójúmọ́, kó má sì lò ju ìṣẹ́jú 3 lọ lórí ọ̀kan. Tó bá ń kọ ojú ìwé méjì, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ìlà mẹ́rin péré.

Agbanimọ̀ràn_Fásitì

Ó yé mi. Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé ó ti kọjá agbára mi?

Nọ́ọ̀sì_Ìlera_Ọkàn

Ẹ tún PHQ-9 ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Tó bá wálẹ̀ ní 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yí padà lóòótọ́, ẹ máa bá a lọ. Tó bá yí padà ní 1 tàbí 2, ẹ kà á sí pé kò yí padà. Tó bá jẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kìíní, tàbí tó ṣì wà lókè 10 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ kọ ìwé ránṣẹ́ sí dókítà: Aro ní Abẹ́òkúta, Yaba ní Èkó, tàbí ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Ẹ fi ìwé máàkì méjèèjì sínú lẹ́tà náà, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ará_London

Fún àwọn tiwa tó wà lókè òkun, nọ́ńbà fóònù tí ẹni tó ń ronú ikú lè pè nìyí: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 116 123, ní Amẹ́ríkà, 988, ní Brazil, 188. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.